Kí Ẹ Tó Fi Irúgbìn Bẹ̀nẹ̀ Wé Ti Nàìjíríà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Parakou, àti ẹ̀yin tí ẹ ò dé ọ̀hún ṣùgbọ́n tí ẹ ń ra iṣu tí ẹ ń tà á ní ọjà Arzèkè, ẹ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí yunifásítì yẹn lọ́dún 2001 ni ọmọdé ti ń wá sí ẹ̀yìnkùlé mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n á ní: “Bàbá, ẹ wo iye tọ́ọ̀nù tí Nàìjíríà ń yà sọ́tọ̀ fún irúgbìn láti 1961 títí di ìsinsìnyí, ẹ sì wo tiwa. Ṣé àwa ò mọ iṣẹ́ ni?” Mo ti fẹnu sọ ọ́ títí ó sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa kà á fún ara yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ bi ìwé náà bó ṣe rí iye tó gbé jáde.

FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ló ń ṣe tábìlì tí gbogbo yín ń gbé wá bá mi. Wọ́n á kó ìkórè orílẹ̀-èdè kan jọ, wọ́n á wá pín in: èyí tí ènìyàn jẹ, èyí tí ẹran ọ̀sìn jẹ, èyí tó wọ ilé iṣẹ́, èyí tó ṣòfò, èyí tó padà sínú ilẹ̀. Ẹ má rò pé ẹnì kankan gbé òṣùwọ̀n lọ sí àká àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Borgou níbí láti wọn irúgbìn wò. Níbi tí ìjọba ò bá ti fi iye kankan ránṣẹ́, ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á mú ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á fi kílò irúgbìn tó ń wọ hẹ́kítà kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ilẹ̀ àgbàdo bá jẹ́ 100,000 hẹ́kítà, tí wọ́n sì gbà pé 20 kílò ló ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2,000 tọ́ọ̀nù ni wọn yóò kọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni iye yẹn ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àká. Bí ẹni tó ka ilẹ̀ bá purọ́, irúgbìn purọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn baba wa ti sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó mọ FAO: ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní igba lòun gbìn, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ìwé méjì ló tún wà, ẹ̀yin ọmọ sì fẹ́ràn láti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ó parí sí 2013. Tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ọ̀nà ìṣirò mìíràn ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì jọ ní. Ẹ gbé ọdún mẹ́rin yẹn síwájú kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bí 2012 ti ibí ò bá bá 2012 ti ọ̀hún mu, ẹ má wá bá mi pé irúgbìn fò sókè. Ìṣirò ló yí padà. Àgbẹ̀ ò mọ nǹkan kan sí i.

2. Ilẹ̀ Nàìjíríà lé ní 920,000 kìlómítà níbùú lóòró. Tiwa ò pé 115,000. Nígbà tí wọ́n kà wá lọ́dún 2013, a lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àwọn ti lé ní igba mílíọ̀nù báyìí. Ẹni tó bá fi iye tọ́ọ̀nù irúgbìn wọn wé tiwa láìsọ èyí, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

3. Ìpín ni kí ẹ wá: nínú ohun tí wọ́n kó wálé, mélòó ló padà sínú ilẹ̀?

Bálì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń gbìn ín, ẹ ò ní lè bá mi jiyàn nítorí oko baba yín. Bálì ni ọkà tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù fi ń pọn bíà. Àgbẹ̀ Jámánì àti àgbẹ̀ Mòrókò jọ ń gbìn ín, irúgbìn tí wọ́n sì ń dà sórí hẹ́kítà kan kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra: kílò ọgọ́rùn-ún sí àádọ́jọ, tàbí kó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Jámánì ń kó tọ́ọ̀nù mẹ́fà sí méje wálé lórí hẹ́kítà yẹn, ara Mòrókò sì lè má rí ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ohun tí ti àkọ́kọ́ dá padà fún ilẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogójì. Ti èkejì lè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ẹ wá wo bí òjò ṣe ń da ìwé rú. Ní Mòrókò lọ́dún 1994, gbogbo ọkà oníhóró tí wọ́n kó, àlìkámà àti bálì pọ̀, lé ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án. Lọ́dún 1995 ọ̀dá dé, ohun tí wọ́n kó kò pé mílíọ̀nù méjì. Lọ́dún 1996 òjò rọ̀, ìkórè tún padà lé ní mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ya ìpín irúgbìn fún ọdún mẹ́ta yẹn yóò rí i pé ó ga bí òkè ní àárín, yóò sì kọ̀wé pé àwọn àgbẹ̀ Mòrókò dédé fẹ́ràn irúgbìn lọ́dún 1995. Kì í ṣe pé wọ́n gbìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkórè ló já wọn kulẹ̀. Ọdún márùn-ún ni kí ẹ máa pò pọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ó kéré tán.

4. Nínú ọ̀rọ̀ àgbàdo, ẹ má wo kílò nìkan. Ẹ béèrè ibi tí kílò náà ti wá.

Àgbàdo kì í jẹ irúgbìn púpọ̀. Kílò ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń wọ hẹ́kítà kan, àgbẹ̀ wa sì ń rí tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ níbẹ̀ bí ọdún bá dára. Kò pé ìdá kan nínú àádọ́ta. Lọ́dún 1961, Nàìjíríà ń kó nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan, àwa ń kó nǹkan bí igba ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n ti tó mílíọ̀nù méjìlá, àwa náà ti lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Nínú ìwé, ìtàn méjèèjì jọra: ilẹ̀ ń fẹ̀, irúgbìn ń pọ̀ sí i.

Nínú oko, wọn ò jọra rárá. Láàárín 1970 sí 1990, irú àgbàdo kan tí wọ́n ń pè ní TZB, tí àwọn ará IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣe, wọ ilẹ̀ ọ̀dàn àríwá Nàìjíríà pẹ̀lú ajílẹ̀. Ó lé ọkà bàbà kúrò lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ tirẹ̀ láti ayébáyé. Àwọn ará IITA yẹn kan náà ló wá irú tí àrùn tó ń fa ìlà funfun sí ewé àgbàdo kò lè pa. Ní àríwá tiwa níbí, òwú ló fa àgbàdo wọlé. Àgbẹ̀ Banikoara gba ajílẹ̀ àwìn nítorí òwú, ó bu díẹ̀ sí àgbàdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ó tà.

Irúgbìn tí àgbẹ̀ fi pamọ́ sókè àjà, níbi tí èéfín ààrò ti ń fẹ́ sí i, àti èyí tó rà nínú àpò tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́, 20 kílò ni àwọn méjèèjì nínú tábìlì. Ṣùgbọ́n àgbàdo olómìnira, èyí tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ara wọn nínú oko, ẹ lè gbìn ín fún ọdún mẹ́ta kó tó máa bàjẹ́. Èyí tí wọ́n pa irú méjì pọ̀ ṣe ní ilé iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ rà á lọ́dọọdún. Bí ẹ bá gbin ọmọ rẹ̀, gíga yóò wà níbẹ̀, kúkúrú yóò wà níbẹ̀, ìkórè á sì lọ sílẹ̀. Nàìjíríà ti ní ilé iṣẹ́ tó ń ta irú kejì yìí tipẹ́. Àwa ṣì wà lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ jù, kò sì dùn mí. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹni tí kò ní owó àwìn di ẹrú àpò irúgbìn.

5. Iṣu ni ẹ wá gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ irúgbìn ti le jù nìyẹn, ibẹ̀ sì ni a wà. Nàìjíríà nìkan ló ń wa ju ìdajì gbogbo iṣu ayé lọ. Gánà, Côte d'Ivoire, àwa àti Tógò la tẹ̀ lé e. Tiwa wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́dún, apá Borgou àti Collines ló sì ti ń wá jù.

Ẹ bá mi ṣírò. Àgbẹ̀ kọ ebè, mítà kan sí mítà kan. Ẹgbàárùn-ún ebè ló wà lórí hẹ́kítà. Èbù kan lè wọn ìdajì kílò, tọ́ọ̀nù márùn-ún ló ti wọlẹ̀ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá fún un ní tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè rẹ̀ ni kò ní wọ inú ìkòkò. Níbi tí ó ti dára, ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sí ọkà kan tó ń gba irú owó orí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yin ń fi gbogbo ọ̀sán jiyàn lórí àgbàdo!

Mo fẹ́ kí ẹ fojú rí i. Nígbà ọyẹ́, ẹ gba ọ̀nà Tchaourou lọ, ẹ yà sí abà kan. Ẹ ó bá bàbá kan nídìí igi mángòrò, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, pẹ̀lú iṣu níwájú rẹ̀. Kì í kàn ń gé e ṣáá. Orí iṣu ló ń kó sí apá kan, nítorí orí ló ń tètè hù. Àárín lọ́tọ̀, ìdí lọ́tọ̀, nítorí wọ́n ń pẹ́ ju orí lọ. Tó bá ti gé e, yóò tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́ eérú, yóò sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Èyí tó bá ní àmì dúdú nínú, kò ní gbìn ín, yóò jù ú sọ́wọ́ ọ̀tún fún ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ri èyí tó dára sínú ebè, yóò fi koríko gbígbẹ bo orí rẹ̀, yóò fi ògúlùtu tẹ koríko náà kí atẹ́gùn má gbé e, kí oòrùn má bàa sè é nílẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan èbù kan. Ẹ wá padà lọ wo tábìlì yín.

Irú iṣu náà ń yí ìṣirò padà. Laboko, tí àwọn olówó ń fi gúnyán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wà á. Ní Agẹmọ tàbí Ògún, wọ́n á rọra tú ìdí ebè, wọ́n á bẹ́ iṣu, wọ́n á dá erùpẹ̀ padà sórí gbòǹgbò pẹ̀lú ìtàkùn lórí rẹ̀. Nígbà tó bá di ìparí ọdún, ìtàkùn yẹn á ti ta àwọn kéékèèké sí i. Àwọn wọ̀nyẹn ni èbù ọdún tó ń bọ̀. Iṣu tí a ń pè ní Kókóró kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ni, iṣu wẹ́wẹ́ púpọ̀ lábẹ́ ebè kan, odidi ni wọ́n ń gbìn ín. Kókóró yẹn náà ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń sá di gbódo, tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Nàìjíríà kí wọ́n lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Nítorí náà iṣu wẹ́wẹ́ kan náà ni àmàlà Ìbàdàn àti oko Parakou jọ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè láti oṣù Ògún 2019 di oṣù Ọ̀pẹ 2020, ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọmọ kọ̀wé lórí ìrẹsì. Èmi rò pé ẹnì kan ì bá kọ̀wé lórí gbódo, kó sì béèrè iye tó padà di èbù.

Lọ́hùn-ún, ní Nàìjíríà, èbù fúnra rẹ̀ ti di ọjà. Illushi wà ní ìpínlẹ̀ Edo, létí odò Ọya, àwọn àgbẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra èbù níbẹ̀. Láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí tó wà ní Umudike àti ti IITA ti ń kọ́ni pé kí wọ́n gé iṣu sí wẹ́wẹ́ oníwọ̀n gírámù 25. Iṣu kílò kan á bí ogójì. Ohun tí wọ́n bí kì í ṣe iṣu ọjà, èbù ni fún ọdún kejì. Ìmọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ àgbẹ̀ ò tẹ̀ lé e: iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, òmíràn kì í hù, ọdún kan gbáko sì ni ẹ ó fi dúró. Wọ́n tún wá ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń gé ìtàkùn iṣu gbìn, wọ́n ń tọ́ ọ nínú ìgò àti nínú afẹ́fẹ́ láìsí erùpẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe ńlá tí IITA bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2011, Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n gbájú mọ́. Èyí ni ìyàtọ̀ tó yẹ kó ká yín lára láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, kì í ṣe iye tọ́ọ̀nù.

6. Irúgbìn kan wà tí kò sí nínú ìwé kankan.

Àwa Nàgó mọ̀ ọ́n, Fọ̀n mọ̀ ọ́n, Bàrìbá mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn á wọ igbó, á rí ìtàkùn iṣu tó hù fúnra rẹ̀, á wo ewé rẹ̀, á wo ẹ̀gún rẹ̀, á sọ pé èyí lè di ọmọ ilé. Yóò gbìn ín, yóò máa yan èyí tó sanra tí ẹ̀gún rẹ̀ dínkù. Àwọn kan máa ń fi òkúta tàbí àpáàdì sísàlẹ̀ kí iṣu má bàa gùn wọlẹ̀ jù. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ó ti di iṣu tó ṣeé gún. Lọ́dún 2003, ọ̀jọ̀gbọ́n wa Alexandre Dansi àti Mignouna kọ ìwé ìwádìí lé e lórí, wọ́n sì dárúkọ Nàgó àti Fọ̀n nínú àkọlé rẹ̀. Lọ́dún 2019 ni àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ inú ẹ̀jẹ̀ iṣu wò, wọ́n ní agbègbè odò Ọya ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ iṣu igbó di iṣu oko. Mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní abà kò tíì dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí tí Nàìjíríà ò ní lè fi iye tọ́ọ̀nù bò yín mọ́lẹ̀, ẹ wọ ibí yìí.

7. Òfin: ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin ṣe irúgbìn. Nàìjíríà dá iléeṣẹ́ ìjọba fún irúgbìn sílẹ̀ ní 1975, wọ́n ṣe òfin rẹ̀ ní 1992, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ní 2012 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù pín irúgbìn ẹ̀dínwó fún àgbẹ̀. Ní 1975 kan náà, àwa dá CARDER, iléeṣẹ́ ìjọba fún ìdàgbàsókè ìgbèríko, sílẹ̀ ní gbogbo ẹkùn. Ní 2008, ECOWAS pe àwọn méjèèjì jọ sí Àbújá, wọ́n fọwọ́ sí i pé irúgbìn tí orílẹ̀-èdè kan bá ti yẹ̀ wò tó sì fòǹtẹ̀ lù, ó lè wọ èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní fi òǹtẹ̀ gba ẹnubodè Chikanda kọjá nírọ̀rùn bí ẹni tó di irúgbìn sínú gèlè. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní Okuta àti Nikki ti ń fún ara wọn ní irúgbìn kí ECOWAS tó ní orúkọ.

8. Ẹ má gbàgbé àwọn olótí.

Lọ́dún 1988, Nàìjíríà fòfin de bálì tó ń ti òkè òkun wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ bíà tó ti ń fi bálì ṣe ọtí láti ìgbà òyìnbó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn ìyá tó ń pọn ṣukútù ní Parakou ò nílò òfin kí wọ́n tó mọ̀ pé ọkà bàbà ń ṣe ọtí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé olótí àti àgbẹ̀ jọ ń wá ọkà tó wà láàyè. Ọkà tí kò lè hù kò ṣeé gbìn. Kò sì ṣeé rẹ fún ọtí kó hù kí wọ́n tó sá a. Ẹni tó ń jẹ tuwó kò bìkítà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olótí bá wọ ọjà, ọkà tó dára jù ni wọ́n ń ṣà lọ, èyí tí ìyá ilé ì bá so rọ̀ sókè ààrò fún irúgbìn.

9. Bí ẹ bá ra irúgbìn, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ ọlọ́jà tàbí lọ́wọ́ àǹtí yín, ẹ dán an wò. Ọgọ́rùn-ún hóró, láìṣà. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó tutù, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ máa wọ́n omi sí i díẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ẹ ka èyí tó hù. Bí ó bá tó márùndínláàádọ́rùn-ún, ẹ gbìn ín. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́ta, ẹ bu kún hóró tí ẹ ń jù sínú ihò, tàbí kí ẹ dá a padà kí ẹ sì gba owó yín. Àti pé irúgbìn tó bá jẹ́ pé mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló ń hù, ìwé yóò ka gbogbo rẹ̀ sí irúgbìn.

10. Iṣẹ́ tí mo rán yín. Ẹ lọ sí Arzèkè ní oṣù Èrèlé, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta òkìtì iṣu jíjẹ, kí ẹ béèrè iye òkìtì èbù, kí ẹ béèrè iye àpò gbódo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Ẹbíbí. Ẹni tó bá ní ará ní Ilesha Baruba tàbí ní Kishi, kó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà ọ̀hún, ní oṣù kan náà, kó sì yí náírà sí sẹ́fà ní iye ọjọ́ yẹn. Ẹ ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá wá gbé ìwé wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, ìjókòó á wà fún yín.